Ìró Odó Láti Ìdí-Apá

Látìgbà tí òkè oníná ti ń bì, eérú ti sọ ọ̀sán gangan di òru. Ṣówándé àti Mojírádé, àwọn méjì tó ń ṣọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, jókòó ti ẹ̀rọ wọn nínú ilé kékeré tó wà lókè abúlé Ìdí-Apá. Eérú ti bo abúlé náà látàná. Ìyá Dúnńí, tó máa ń gbé iyán wá fún wọn, kọ̀, kò sá. Ó bá abúlé lọ. Àwọn méjèèjì ò tíì sunkún. Wọ́n kàn ń wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa ìlà lórí ìwé.

Abẹ́rẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò, déédéé. Mojírádé mú báírò, ó kọ "iyán" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí Ìyá Dúnńí bá ń gúnyán nísàlẹ̀, kí àwọn ará ọ́fíìsì má baà rò pé òkè ló ń mì. Ìgbà tó kọ ọ́ tán ni ọwọ́ ẹ̀ tó dúró.

"Bọ̀dá, ta ló ń gúnyán?"

Ìró odó náà ń rọlẹ̀ bí ìgbà tí iyán bá ti ń kúnná, títí ó fi dákẹ́. Abẹ́rẹ́ wá ń fa ìlà kéékèèké, bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà tó rọra ń gòkè bọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ga ju ti ìṣáájú lọ.

"Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀kùn."

Ṣówándé ti dìde, ó ti bu omi sínú abọ́.

"Wá fọwọ́," ó ní. "O mọ̀ pé Màmá kì í fẹ́ kí iyán tutù."

Ẹnìkan rọra gbé nǹkan kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.