Ìkòkò Òdòdó Tó Gún Jù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tún pé, alábẹ̀wò ìjọba tún dé pẹ̀lú awò ojú tó ń bá a ronú. Òfin ní kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ pàǹtí ilé di ìkòkò òdòdó. Mo gbé tèmi jáde, agolo mílíìkì tí mo fi okùn ràfíà hun bò. Alábẹ̀wò fi awò náà wò ó.

"Ìyá, èyí gún jù. Ẹ̀rọ ló hun ún."

"Ogójì ọdún ni mo fi hun agbọ̀n, ìwọ ọmọ yìí!"

"Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kì í gún tó báyìí."

Ó yà sọ́dọ̀ Fọlárìn aládùúgbò mi, ọ̀lẹ paraku, tó ra ẹ̀rọ tó ń hun tiẹ̀ jákujàku. Alábẹ̀wò lu òǹtẹ̀ "iṣẹ́ ọwọ́" sí ìkòkò Fọlárìn lára. Ló bá padà wá, ó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Fọlárìn.