Ẹ̀kọ́ Dìgbòlugi

Ọ̀rọ̀ Dàpọ̀ ti sú Ọláníran.

Ọláníran ló ni ẹgbẹ́ òṣèré tó ń kiri àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Eré ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì: bí òjò ṣe ń rọ̀, bí ẹ̀wà ṣe ń hù, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ajá dìgbòlugi bá bù jẹ. Dàpọ̀ ló ń ṣe ẹni tí ajá bù jẹ. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ní Akínyẹlé, bí eré ti dé ibi àìsàn, ńṣe ló fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn, ó sì ń gbó. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi tọ̀ sára.

“Ta ló sọ fún ẹ pé èèyàn máa ń gbó?” ni Ọláníran bi í nínú bọ́ọ̀sì. “Ajá ló ń gbó. Wọ́n ní èèyàn ni wọ́n mú wá fún mi.”

“Ẹ má bínú, sà.”

“Mi ò bínú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn tó ń náwó sí ìrìn-àjò wa fẹ́ wá wò wá ní Ẹgbẹ́dá. Bí wọn ò bá gbádùn wa, a ti parí nìyẹn. Bí o bá gbó lójú wọn, ilé yín lo ti máa gbó ìyókù.”

Dàpọ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ já a kulẹ̀ nínú eré náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ní Àkànràn, Ọláníran ra ọmọ ajá kan kí nǹkan lè jọ òótọ́. Wọ́n ní kó gbó, kò gbó. Àtàǹpàkò ọ̀gá ló gé jẹ. Ọláníran nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó lé e wọ igbó, ó sì ní kí wọ́n fi àpò ìrẹsì rán aṣọ fún Sàníù, òṣèré kan nínú ẹgbẹ́, kó máa fi ṣe ajá. Ó ní ẹni tí kò bá mọ eré kò ní jẹun lọ́dọ̀ òun, ìbáà fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn.

Gbọ̀ngán ìjọ Aládùúrà kan ni wọ́n yá fún ìdánrawò. Dàpọ̀ kò gbó mọ́. Ó yíràá nílẹ̀, ó di ojú, ó ń kígbe pé òun ń kú lọ.

Ọláníran jókòó, ó ń họ àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa fáànù, atẹ́gùn rẹ̀ ń há òun lọ́fun. Dàpọ̀ ló sì ba ọ̀fun náà jẹ́: láti Akínyẹlé ni ọ̀gá ti ń pariwo mọ́ ọn. Títíladé, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nínú eré, gbé omi inú ọ̀rá wá fún un. Ọ̀gá nawọ́ sí i, ọwọ́ dúró lójú ọ̀nà, ó rọra tì í padà.

“Ẹ mu díẹ̀, ọ̀gá.”

“Inú ló ń bí mi. Òùngbẹ kọ́.”

Ó fi aṣọ ìnujú nu ẹnu, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò.

“Báwo ni kí n wá ṣe é, sà?” ni Dàpọ̀ béèrè láti ilẹ̀.

“O tún ń béèrè. Mi ò bi ọ̀gá tèmi ní nǹkan kan rí. Ojú ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ó ń jẹun, mò ń wò ó. Ó ń sùn, mò ń wò ó. Ṣé o ní ojú?”

“Mo ní in, sà.”

“Lò ó. Bí o bá tún yíràá ní Ẹgbẹ́dá, máa lọ bá ìyá ẹ nídìí gàrí.”

Dàpọ̀ kò béèrè mọ́. Ó ń gbé àga tẹ̀ lé ọ̀gá. Ó ń ta aṣọ sójú fèrèsé fún ọ̀gá, torí oòrùn ń gún ọ̀gá lójú. Ó ń gbé oúnjẹ lọ, ó ń gbé e bọ̀ bó ṣe gbé e lọ. Ọláníran ní ìrònú Ẹgbẹ́dá kò jẹ́ kí òun rí òkèlè gbé mì.

Ọjọ́ pé. Àwọn àlejò jókòó sórí àga níwájú, àwọn ọmọ wà nílẹ̀. Sàníù wọ àpò ìrẹsì jáde, ó bu Dàpọ̀ jẹ, ó sá lọ.

Dàpọ̀ kò ṣubú. Ó dúró, ó ń họ àtàǹpàkò rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀; Dàpọ̀ juwọ́ sí i pé kó gbé e sílẹ̀, bí ẹni pé atẹ́gùn ìwé náà ń fún un lọ́rùn. Títíladé gbé omi wá. Dàpọ̀ nawọ́ sí i, ọwọ́ dúró lójú ọ̀nà, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sún kì. Ó rọra ti omi náà padà. Ó nu ẹnu, ó ká aṣọ ìnujú sí mẹ́rin.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Kí ló yẹ kó ti ṣe lọ́jọ́ tí ajá bù ú jẹ?” ni Títíladé bi àwọn ọmọ.

Wọ́n fi ẹnu kan dáhùn, bí Ọláníran fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀: “Kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà, kó sáré lọ gbabẹ́rẹ́.”

“Bó bá wá ti di báyìí ńkọ́?”

“Kò sí oògùn.”

Àwọn àlejò dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá tó ṣáájú wọn sọ fún Ọláníran pé títí ọdún tó ń bọ̀ yóò fi parí, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ò ní dé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé omi tútù fún un. Ọláníran gbà á, ó sì dì í mú láì ṣí i. Ó pe Dàpọ̀. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì tún ní láti nu ẹnu náà.

“Lónìí, o ṣe é,” ló wí. “Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ta ló kọ́ ẹ?”

“Ẹ̀yin náà ni, sà,” ni Dàpọ̀ fèsì lórí ìdọ̀bálẹ̀, “ọjọ́ tí ẹ ti ní kí n lo ojú mi ni mo ti rí i pé ẹ ti ń ṣe é fún mi wò, ẹ ò sì dáwọ́ dúró, kódà nídìí oúnjẹ.”