Ọmú Tó Ń Dun Alágbàfọ̀

Ibi iṣẹ́ ni ìrora náà ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù sókè láti lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan, ọmú rẹ̀ méjèèjì sì ro ó bí ẹni tí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gún. Ó rọra gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ó fọwọ́ kan àyà, ó sì yára gbé ọwọ́ kúrò.

Àìsàn ọmú ló pa ìyá tó bí i. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ tọ́jú ìyá náà títí ẹ̀mí fi bọ́, ẹni tí ejò bá sì ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, sísá ni yóò sá. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ó kó àwọn aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀ fún ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ó ní wọn kò bá òun lára mu mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ ara rẹ̀ di irun.

Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ bíi pé ọ̀rẹ́ òun kan ló ń ṣe. Èyí tó ń fọ aṣọ ní oyún ni. Èyí tó ń ká aṣọ ní bí nǹkan oṣù bá ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni tòun ṣe máa ń wú. Ẹ̀kẹta ní kí ọ̀rẹ́ náà sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó máa rọra. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Nígbà tí ó sú u, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí, aṣọ àwọn ọmọ iléèwé ló ń rán nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, bó bá rán aṣọ fún ara rẹ̀, ó máa ń fún un típẹ́típẹ́ débi pé àwọn ọkùnrin á fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà. Lẹ́nu ìgbà díẹ̀ yìí, aṣọ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló kù tó ń wọ̀. Ó ti rù díẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń yìn ín, wọ́n ní ó ti dọmọge padà.

Àbúrò bú sẹ́kún kí ó tó jókòó, ó ní ọmú òun ń ro òun. Ẹ̀gbọ́n kò dá máṣíìnì dúró títí ó fi rán ojú aṣọ náà tán. Nígbà náà ló yíjú sí i.

"Ṣé kókó wà níbẹ̀?"

"N ò mọ̀. N ò jẹ́ fọwọ́ kàn án."

"Ó sì ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí débi pé n ò lè sùn, Àǹtí."

Ẹ̀gbọ́n wò ó pẹ́. Ó ní ọsibítù ló kàn. Àbúrò ní aṣọ tí òun kò tíì lọ̀ pọ̀ níbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n sì dá a lóhùn pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Òun fúnra òun ni yóò sìn ín lọ.

Àbúrò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní bó bá jẹ́ pé èyí tó pa ìyá àwọn ni, kí ẹ̀gbọ́n bá òun tọ́ ọmọ òun. "Ẹ ṣèlérí fún mi, Àǹtí."

"Mo ti gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì padà sídìí máṣíìnì.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì fẹ́ kí aláìsàn nìkan wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní òun ni ìyá tó kù fún un, òun yóò bá a wọlé. Wọ́n jẹ́ kó wọlé.

Obìnrin ni dókítà náà, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù. Ó bi í nípa nǹkan oṣù; ó kù díẹ̀ kó dé. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kò lóyún. Ó bi í bóyá ó ń lo oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí. Àbúrò ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn ni. Dókítà fa okùn kọ́mú rẹ̀, ó rí ojú ibi tó ti là sí i lára. Ó tẹ egungun ìhà rẹ̀, àbúrò sì fò sókè. Dókítà béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì mi orí nígbà tó gbọ́ pé áyọ́ọ̀nù ló ń gbé látàárọ̀ dalẹ́.

Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ wá inú ọmú méjèèjì láìkánjú. Kò sí kókó kankan. Ó ní oògùn tuntun náà àti nǹkan oṣù tó ń bọ̀ ló mú wọn wú, kọ́mú fún un jù, iṣan àyà rẹ̀ sì ti rẹ̀. Òun yóò pààrọ̀ oògùn náà fún un. Kó wá kọ́mú tó gbà á.

"Ṣé kì í ṣe ti ìyá mi?"

"Rárá. Jẹjẹrẹ kì í sábà dunni báyìí. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, láìro ẹni."

Ẹ̀gbọ́n dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó béèrè bí kókó ọ̀hún ṣe máa ń rí lọ́wọ́. Dókítà ní ó sábà máa ń le bí kóró èso, awọ orí rẹ̀ sì lè sún kì. Ẹ̀gbọ́n tún béèrè bóyá ó ní àtúnṣe. Dókítà ní ó ní, bí ẹni náà bá tètè wá. Àbúrò dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀ láti béèrè ohun tí òun fúnra òun kò lè rántí.

Níta, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ó ní òun kò mọ ẹnu tí òun máa fi gba aṣọ òun padà lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò ọkọ òun, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, ẹ̀gbọ́n ní òun gbàgbé ìborùn òun sínú yàrá dókítà, kó dúró de òun. Àbúrò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó jókòó títí oòrùn fi ká a mọ́ ibẹ̀, ó sì dìde, ó padà wọlé. Nọ́ọ̀sì kò sí lórí ìjókòó rẹ̀. Ilẹ̀kùn dókítà kò tì dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì tí àbúrò ti dìde lẹ́ẹ̀kan, ó ti bọ́ aṣọ dé ìbàdí, ó ń sọ fún dókítà pé, "Tèmi ò dùn mí rárá, láti ọdún tó kọjá."