Bọ́tìnì Méjì Tó Gbé Ohùn Màmá Lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo ìtàn yìí, ẹ kà á délẹ̀. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín yá lórí kọ̀ǹpútà ni mo dìídì ń bá wí.

1.
Tàípíìsì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìka-ò-sinmi. Ogún ọdún ló fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan náà, lórí ètò ìtẹ̀wé kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Kì í wo bọ́tìnì. Tó bá ti tẹ̀ tán, á tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀, á wá gbá bọ́tìnì ńlá ẹ̀gbẹ́, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé bẹ́ẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà á tọ́jú iṣẹ́, á sì pa ojú ewé dé. Wàràwàrà báyìí ni.

2.
Àìsàn mú ìyá rẹ̀ lọ́fun. Dókítà ní àfi kí àwọn gé ibi tí ohùn ti ń jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀mí á bọ́. Iṣẹ́ abẹ ku ọjọ́ mẹ́rin. Màmá ò sì mọ̀wé kọ.

"Ọmọ mi, bá mi kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Bí mo ṣe pàdé bàbá yín, bí mo ṣe bí yín, gbogbo ẹ̀. Tí mi ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, wàá máa kà á fún mi, èmi náà á máa gbọ́ ara mi."

Kọ̀ǹpútà ilé ti bàjẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, gbé tiẹ̀ wá. Ètò ìtẹ̀wé tibẹ̀ yàtọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn bọ́tìnì tẹ́ ẹ mọ̀ kọ́ nìyí o. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí mo kọ́ ní ABD? Bọ́mọdé láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Gbé e sílẹ̀ kó o máa lọ."

Ó gbé e sílẹ̀, ó lọ.

3.
Ọ̀sán mẹ́ta ni Màmá fi sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ orúkọ tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi ń pè é tó bá ku àwọn méjèèjì nìkan. Ojú ìyá ni ọmọ ń wò, kò wo kọ̀ǹpútà. Ojú ewé tuntun ló ń ṣí lójoojúmọ́, bó ṣe máa ń ṣe ní ọ́fíìsì. Á so wọ́n pọ̀ tó bá yá. Tó bá tẹ̀ tán, bọ́tìnì méjì, bọ́tìnì ńlá, ó parí.

Ẹ wò ó, nínú ètò tuntun yẹn, bọ́tìnì méjì wọ̀nyẹn kì í tọ́jú nǹkan kan. Wọ́n kàn ń pa ojú ewé dé ni. Kọ̀ǹpútà sì ń béèrè o: "Ṣé kí n da èyí nù?" Kí ìbéèrè náà tó hàn tán, bọ́tìnì ńlá ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà mẹ́ta ló béèrè.

4.
Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Màmá nàka sí kọ̀ǹpútà, ó nàka sí etí ara rẹ̀. Ọmọ ṣí i. Òfìfo.

Àbúrò wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí níbẹ̀. Ẹ ò tọ́jú ẹyọ kan." Kò sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dun ẹ̀gbọ́n jù.

Ó jókòó ti Màmá, ó kọjú sí ojú ewé òfìfo, ó ń ka ohun tó rántí. Ó dé ibi orúkọ yẹn, kò rántí rẹ̀ mọ́.

"Màmá, kí ni Bàbá máa ń pè yín?"

Ètè Màmá mì. Ó tún mì. Ọmọ ò mọ ohun tó sọ. Màmá bá panu dé, ó di ìka ọmọ rẹ̀ mú, omi sì ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá kúrò lórí ètò kan bọ́ sí òmíràn, ẹ má gbọ́kàn lé ìka yín. Ẹ béèrè bọ́tìnì tó ń tọ́jú iṣẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dán an wò, ẹ pa á dé, ẹ tún un ṣí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.