Ìkookò Kò Jọba

Èmi kò mọ nǹkan kan o. Àlọ́ ló mọ̀. Òun ló gbéra lọ́dọ̀ mi tó lọ já lu Ìkookò.

Ọmọ ẹran ni Ẹkùn ọba ń gbà ní ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn ẹran búra pé àwọn kò ní fi ẹnikẹ́ni jọba mọ́. Ìkookò wọlé, ó dọ̀bálẹ̀: "Ẹ má pè mí ní Kábíyèsí. Alágbàtọ́ lásán ni mí. Ẹ kàn máa kó ọmọ wá, kí n bá yín tọ́ wọn." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún onírẹ̀lẹ̀. Ọmọ ń lọ, ọmọ kì í bọ̀.

Ó wá kan Ewúrẹ́, ọlọ́mọ kan ṣoṣo. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá ní mi ò fún yín ńkọ́?"

Ìkookò rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín yọ. "Ìyá ọmọ, ta ní í kọ ìtọ́jú?"

Ewúrẹ́ kọjú sí àwọn ẹran yòókù, ó fẹkún dárin:

Ẹ bá mi gba ọmọ mi o,
*Alágbàtọ́ ló gbà á.*
Ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí o,
*Alágbàtọ́ ló gbà á.*

Àgùntàn, tí ọmọ tirẹ̀ ti lọ, ló gbè é jù. Ó tún ń bá Ewúrẹ́ wí: "Má dójú tì wá jàre. Ṣebí kì í kúkú ṣe ọba?" Ìkookò gbé ọmọ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn gbè é yìí, ọmọ ta ló kàn?