Ẹ Má Tíì Bo Kòtò Yẹn

Ọmọ́fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú takisí Dátsùn ní Challenge, n'Ìbàdàn, ó sáré lọ síbi kòtò tí wọ́n ń ri wáyà iná ńlá mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bò ó."

Bàbá Dáramọ́lá, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. "Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Wáyà yìí tín-ín-rín jù. Nínú ilẹ̀ lásán, ó tó. Àmọ́ mẹ́ta ló fún mọ́ra nínú páìpù tó gba abẹ́ títì kọjá. Ooru wọn kò ní rí ibi gbà jáde, wọ́n á jóná."

"Bí àwọn ọmọ yunifásítì ṣe ń há sí yàrá kan l'Ágbowó." Bàbá tú àwòrán iṣẹ́ náà. "Ohun tó wà níbí la tẹ̀lé."

"Ẹni tó ṣírò rẹ̀ ló gbàgbé páìpù."

Bàbá mirí. "Wọ́n lè lé onítọ̀hún lẹ́nu iṣẹ́ o."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ṣáà dúró."

Bàbá dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró, ó mú bírò. "Orúkọ ta ni kí n kọ pé ó dá wa dúró?"

Ọmọ́fẹ́ fi ìka kan orúkọ ẹni tó ṣírò iṣẹ́ náà, tó sì fọwọ́ sí i, nísàlẹ̀ àwòrán.

"Èyí náà ni, sà. Orúkọ mi ni."