Alágbàtà Tí Kì Í Fi Nǹkan Pa Mọ́

Láti ọjọ́ tí Ìyá Nọ́ọ̀sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí ó ta ilé rẹ̀, kí ó fi owó ibẹ̀ ra ilé oníyàrá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà ti bí ìbejì, kò sì sí ẹni tí yóò bá a gbé ọ̀kan bí èkejì bá ń ké. Ẹni tó ni ilé oníyàrá méjì náà ti ní òun yóò dúró di ìparí oṣù. Bí oṣù bá ti parí, ó di ti ẹlòmíràn.

Ìdí nìyí tí ó fi gbé iṣẹ́ náà fún alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ ìjọba, kì í ṣe àwọn tó ń jókòó sábẹ́ igi, tí wọ́n ń fẹnu ra ilé, tí wọ́n ń fẹnu tà á. Ọ̀dọ́bìnrin ni alágbàtà náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ wà nínú férémù lára ògiri, ó ń dán ju fọ́tò ìgbéyàwó lọ. Ó ka àdéhùn náà sí Ìyá Nọ́ọ̀sì létí, ó ń fi bírò tọ́ ọ bó ṣe ń kà á.

“Ẹ̀yin ni mò ń ṣiṣẹ́ fún, Mà, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ rà á. Àṣírí yín ò gbọdọ̀ tẹnu mi jáde. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ní àbùkù, dandan ni kí n sọ ọ́ fún ẹni tó wá wò ó. Òfin ni.”

“Àbùkù wo? Ilé tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́?”

“Ilé wo ni kì í ní àbùkù, Mà?”

Ìyá Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ọn, ó sì sọ iye tó kéré jù lọ tí òun lè gbà sí i létí. Alágbàtà kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, ó pa á dé.

Lọ́jọ́ tó wá wo ilé, ó kù díẹ̀ kó tú u palẹ̀. Ó rí ibi tí òrùlé ti ń jò ní yàrá ẹ̀yìn. Ó rí ibi tí ògiri ti sán, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó bi àwọn aládùúgbò bóyá omi máa ń ya wọlé nígbà òjò. Ohun kan ṣoṣo ló yìn: ó gun àtẹ̀gùn iwájú ilé lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò ga, orúnkún àgbàlagbà ò ní rojọ́ rẹ̀.

Kọngílá kan ló kọ́kọ́ wá. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán nínú mọ́tò tí alágbàtà ti ka àbùkù ilé náà sí i létí, láti orí òrùlé dé ìdí ṣalángá. Ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀. Ó ṣì ń bọ̀ títí di òní.

Tọkọtaya kan tẹ̀lé e. Ilé ìdáná wú ìyàwó lórí. Ó ti ń sọ ibi tí yóò gbé fìríìjì sí. Alágbàtà ní kí wọ́n dúró ná. Ó gbé àkàbà, ó gbé garawa omi gun òkè, ó sì dà á sórí páànù kí wọ́n lè fojú ara wọn rí bó ṣe ń jò. Ó kán sí ọkọ lórí. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

“Màámi, ṣé éjẹ́ǹtì lẹ gbà ni, àbí ẹlẹ́rìí?” Ọmọ rẹ̀ ń pariwo lórí fóònù, àwọn ìbejì ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

“Olóòótọ́ èèyàn ni.”

“Kó lọ máa ṣòótọ́ nílé ẹlòmíì! Oṣù ku ọjọ́ mẹ́sàn-án!”

Ìyá Nọ́ọ̀sì fi ìbínú gba ọ́fíìsì alágbàtà lọ. “Ìwọ ọmọ yìí, o ò lè dákẹ́ díẹ̀? Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ná! Alárinà wo ló máa ń sọ fún ọkọ pé ìyàwó ń han-run?”

“Bí mo bá fi pa mọ́, tí wọ́n bá wá mọ̀, ilé ẹjọ́ ló kù, Mà. Ẹ̀yin ni wọ́n máa pè. Ẹ ò sì ní ráyè gbé ìbejì.”

Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Nígbà tó délé, ó ro ọ̀rọ̀ náà, ojú sì tì í. Ní gbogbo ọdún tó fi gbẹ̀bí, kò purọ́ fún aboyún kan rí pé kò ní dùn ún.

Nígbà tí oṣù ku ọjọ́ mẹ́rin, alágbàtà mú bàbá arúgbó kan wá, tó ń fi ọ̀pá rìn. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí alágbàtà yanu. Òun fúnra rẹ̀ ló mú bàbá náà lọ síbi tó ń jò, ó fi ibi tó sán hàn án, ó sọ ti omi òjò láìku ẹyọ kan.

“Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́,” ni bàbá ń wí. “Kò sí ohun tí bíríkìlà ò lè tún ṣe níbẹ̀.” Ó rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì dárúkọ iye tí òun máa san.

Iye tí Ìyá Nọ́ọ̀sì sọ sí alágbàtà létí ni, kò lé, kò dín. Ìyá Nọ́ọ̀sì wòkè, ó ní Ọlọ́run kì í sùn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fọwọ́ síwèé lọ́dọ̀ lọ́yà. Owó wọlé. Ọmọ pè láti sọ pé ẹni tó ni ilé oníyàrá méjì ṣì ń retí wọn. Ìyá Nọ́ọ̀sì kó kọ́kọ́rọ́ lé bàbá lọ́wọ́, ó yíjú sí alágbàtà tó ń yára kó ìwé sínú báàgì, ó sì gbá a mọ́ra níwájú gbogbo wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ayé ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ ò bá wọn bàjẹ́. Olúwa á bá mi bù kún bàbá tó bí irú ọmọ báyìí!”

“Àmín o, ẹ ṣeun, Ìyá Nọ́ọ̀sì,” ni bàbá arúgbó náà dáhùn, ó ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, “láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé ilé náà fún un ló ti ń sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù, pé kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́ bàbá òun lọ́wọ́.”